Télọ̀ ni mí, Kérésì ń bọ̀, àwọn ọmọ mi ò rójú mi: ẹ̀yin bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ìbejì Télọ̀ (Ìbàdàn), 19 October

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sùn láti ọjọ́ Sunday tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kí ẹgbẹ́ akọrin wá máa san owó aṣọ kárọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí ni àyà mi já, torí mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa gbé e fún, mo sì mọ ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé December ni ìkórè wa, owó tí a máa rí láàárín November sí 24 December, ó lè má sí irú ẹ̀ mọ́ títí Iléyá á fi dé. Torí náà mi ò lè sọ pé mi ò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sùn sí ṣọ́ọ̀bù kí Kérésì tó dé. Wọ́n á ní mo sùn, orí ni mo kàn máa ń gbé lé máṣìn. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ẹni ń mu omi, àwọn kọ́sítọ́mà dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Aago mọ́kànlá alẹ́ 24 ti kọjá kí n tó rán bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn mọ́ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ, ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé àǹkárá àwọn ọmọ tèmi ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ tábìlì, mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àwọn ìbejì ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Aṣọ Kérésì ọdún tó ṣáájú ni wọ́n tún wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣòkòtò Táyé ti fò sókè dé àárín ojúgun. Wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èmi ni mo rán aṣọ ọrùn gbogbo wọn, Táyé wá ń fi ìka tọ́ka wọn fún ìkejì ẹ̀, "Dádì ló rán ìyẹn, Dádì ló rán tọ̀hún." Kò bínú rárá o, ńṣe ló ń fi mí yangàn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Èmi alára, wọn ò tíì ka ẹ̀kọ́ kejì tán tí mo ti sùn lọ, wọ́n ní híhanrun mi jí ìyá arúgbó tó ń tòògbé níwájú mi.

Ìyá mi wà ní Ìwó. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo di onígbàgbọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ fún wọn pé a ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésì, Ìwó ò sì jìnnà sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan ni téèyàn bá ti kọjá Lálúpọn. Owó ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́sí wọ́n ní, "Owó ẹ ni mò ń rí, mi ò rójú ẹ."

Ẹ wá fi January kún un. Owó sukúù sáà kejì ọmọ mẹ́ta. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìkórè ní November, aṣọ kárọ́ọ̀lù, owó pátì àwọn ọmọdé, ìdúpẹ́ ìparí ọdún, kí àkọ́so January tún tó dé. Mi ò ráhùn sí Ọlọ́run o. Mo kàn fẹ́ mọ bí àwọn bàbá tó kù ṣe ń ṣe é ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mò ń gbà á.

Màmá Bódìjà, 19 October

Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa máṣìn, oúnjẹ ni mo mọ̀, torí òun ni mò ń tà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ẹ má dúró de December kẹ́ ẹ tó ra nǹkan ọdún. Ìrẹsì, òróró, tòmátì inú agolo, kò sí èyí tó máa bàjẹ́ nínú wọn tẹ́ ẹ bá rà á lónìí. Tówó ò bá tó àpò, ẹ ra á ní kóńgò kóńgò, kóńgò méjì lọ́sẹ̀, ẹ ó kàn rí i pé ó ti kún ike. Ata ló le, torí ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an lowó ẹ̀ máa ń fò, ẹ rà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi ẹ̀ gbẹ kanrangandan, ẹ dín in lórí òróró, ẹ gbé e sínú fírísà ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò. Adìẹ náà, àwọn àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin tán làwọn olóko máa ń tà dànù ní November, ẹran wọn yi díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ṣáà fi iná sí i.

Ní ti màálù, àwa obìnrin mẹ́rìnlá la wà nínú àjọ wa, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń dá a láti January, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta December a ó ra màálù kan, a ó pín in sọ́nà mẹ́rìnlá, ẹni tó bá gba orí kò ní gba ẹsẹ̀, ìjà orí yẹn nìkan la máa ń jà. Tọdún yìí ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ tèèmíì ní January.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo rí ìyá yín, mo rí àwọn ọmọ, mo rí kọ́sítọ́mà, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó yín ńkọ́? Kí lòun sọ?

Sísọ́ọ̀sì Òṣogbo, 20 October

Ọ̀gá mi, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó ń pa yín ni pé ẹ è lè sọ fún èèyàn pé rárá. Wọ́n gbé aṣọ dé ní 18 December, ẹ ní "ẹ gbé e sílẹ̀, màá wò ó," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé télọ̀ àti irọ́, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Irọ́ yẹn, àánú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Láti 2019 ni mo ti kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: MI Ò GBA AṢỌ KÉRÉSÌ MỌ́ LẸ́YÌN 30 NOVEMBER. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn kọ́sítọ́mà mẹ́rin ló bínú lọ, mẹ́ta padà wá ní January torí ibi tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n gé e kúrú fún wọn. Ìkẹrin ò padà, mo gbọ́ pé ó tún jẹ télọ̀ yẹn lówó. Ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó fi téèpù kàn wọ́n lára. Ẹ kọ orúkọ àti déètì sínú ìwé, kì í ṣe sínú orí. Ẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín pé kò gbọdọ̀ gba aṣọ tẹ́ ẹ è bá sí níbẹ̀, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí, ẹni bá fún wọn ní igba náírà, wọ́n á gba aṣọ òkú lọ́wọ́ ẹ̀.

Tàwọn ọmọ yín, ẹ gé e lọ́la. Ẹ rán an tán, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an, kò gbọdọ̀ sun ṣọ́ọ̀bù, torí tó bá wà lórí háńgà níbẹ̀, kọ́sítọ́mà kan máa wọlé, á ní irú èyí gan-an lòun ń wá fún ọmọ òun, bí ẹ ṣe rí yìí ẹ ó bọ́ ọ fún un. Ó ti ṣe mí rí. Ọmọ á ga láàárín October sí December o, ẹ ṣẹ́ ìnṣì méjì sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kẹ́ ẹ tú u tó bá yá.

Àti pé iṣẹ́ ọwọ́, bọ́tìnnì, húùkù, etí aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ká, kí ló dé tẹ́ ẹ ń jókòó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ kó o sínú báàgì, ẹ máa lọ sílé ní aago méje.

Daddy Peckham, 20 October

Ẹ̀gbọ́n, mo ka tiyín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e. Care home ni mo ń ṣe níbí ní London. Níbi iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá wá ní 25 December owó ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ọdún mẹ́rin léra ni mo fi lọ. Ẹ̀yin ará ilé lè má mọ̀ o, lọ́jọ́ Kérésì níbí bọ́ọ̀sì ò rìn, tíréènì ò rìn, gbogbo London á pa lọ́lọ́ bí ìlú tí wọ́n kó lógun, ẹni tí kò ní mọ́tò á fẹsẹ̀ rìn tàbí kó jókòó sílé. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi rìn nínú òtútù lọ́dún kan kí n tó débẹ̀.

Ilé ìwé àwọn ọmọ mi máa ń ṣe eré ìbí Jésù kí wọ́n tó gba ọlidé, wọ́n fi ọmọ mi ọkùnrin ṣe àgùntàn. Ìyàwó mi fi fóònù ká a, inú ṣáláńgá ibi iṣẹ́ ni mo ti wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín torí gbogbo àgùntàn tó kù ń ké bẹ́ẹ̀ẹ́, tèmi ń juwọ́ sí èèyàn. Owó ìlọ́po méjì ọdún mẹ́rin yẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ṣe, mi ò rántí. Èṣí ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé kó fi mí sí 26, mi ò ṣe 25 mọ́. Ìyẹn náà ní owó díẹ̀ nínú.

Ẹ má pa iṣẹ́ tì o. Ẹ kàn mú ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lè fowó rà lọ́wọ́ yín.

Ìránṣẹ́ 73, 20 October

Brọ̀dá, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Deeper Life ni mo wà, àwa kì í ṣe Kérésì, December retreat la máa ń kó gbogbo ilé lọ, ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí aṣọ tuntun, kò sí báńgà, kò sí Bàbá Kérésì. Kò síbi tí Bíbélì ti ní ká ṣe 25 December. Ẹ̀ ń fi ara yín ṣẹrú fún nǹkan tí Ọlọ́run ò rán yín.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ, 20 October

Haaa, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún.

Èmi ọmọ Sẹ̀lẹ́ ni mí, àwa tiwa, Ìmẹ̀kọ la máa ń lọ ṣe Kérésì, níbi tí wọ́n sin Bàbá Oshoffa tó dá ìjọ wa sílẹ̀ sí, àwọn tó wá láti Porto-Novo, láti Cotonou, láti Èkó, gbogbo wa nínú sùtánà funfun láìwọ bàtà. Ẹ ó rò pé kò ní sí wàhálà aṣọ Kérésì nílé tiwa àbí? Ọmọbìnrin mi ní sùtánà òun ti pọ́n, òun ò ní bá àwọn ọ̀rẹ́ òun dúró. Funfun lásán o! Télọ̀, ọmọ lọmọ ń jẹ́.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, 21 October

Ẹ jẹ́ á fi ìjà ìjọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló wà nílẹ̀. Òótọ́ ni Ìránṣẹ́ sọ pé déètì yẹn ò sí nínú Bíbélì, Lúùkù ò kọ oṣù, Mátíù ò kọ ọjọ́. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tó dárúkọ 25 December, inú ìwé kan tí wọ́n kọ ní Róòmù ní 354 ló wà. Àwọn ará Etiópíà, 7 January ni wọ́n ń ṣe tiwọn títí dòní. Nílẹ̀ wa níbí, Kérésì 1842 bá àwọn míṣọ́nnárì méjì, Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS, ìyẹn àwọn Áńgílíkà, ní Àgbádárìgì. Freeman, bàbá ẹ̀ adúláwọ̀, ìyá ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta ló ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá, ó sáré padà dé Àgbádárìgì ní 24. Ọ̀gbẹ́ni yẹn náà ń sáré kí ilẹ̀ 24 tó ṣú o, Télọ̀, ẹ è dá nìkan wà.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ fúnra yín. Ẹ má fi sílẹ̀ fún tíṣà Sunday school. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ tí ọmọ mi àgbà ń lọ sílé ọkọ ló sọ fún mi pé òun ò rántí ìgbà kan tí mo jókòó ka nǹkan fún òun.

Ṣọlá Agbowó, 21 October

Ẹ má jẹ́ kó wúwo jù, pátì ọ̀fẹ́ pọ̀ ní Ìbàdàn ní December, àwọn olóṣèlú, àwọn rédíò, ẹ ní kí ẹnì kan máa kó àwọn ọmọ lọ nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jẹ, wọ́n á gba ẹ̀bùn.

Ìyá Ṣèyí, 21 October

Ṣọlá, jọ̀ọ́, máa fọkàn sọ̀rọ̀. 18 December 2024, ní Baṣọ̀run níbí, ọmọ 35 ló kú níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, pátì ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n ní kí wọ́n wá. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Òkìjà níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Títí di báyìí, tí mo bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, mi ò lè wòkè. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbi kankan, kí òun fúnra ẹ̀ di ọwọ́ wọn mú, tí géètì bá sì ti kún, kó yí padà. Bàbá Ìbejì, ẹ má rán wọn lọ pẹ̀lú ẹnì kankan.

Ṣọlá Agbowó, 21 October

Ẹ má bínú mà. Mi ò rò ó dé ibẹ̀.

Alfa Kékeré, 22 October

Ìwó Olódò Ọba, ọmọ odídẹrẹ́! Télọ̀, ọmọ ìyá mi ni yín, a jọ ni ìyá yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rò ó. Màmá ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ọdún yín, wọ́n kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ yàrá tí wọ́n ti bí bàbá wọn. Ilé tiwa náà dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi onítẹ̀bọmi ni, Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti pẹ́ ní Ìwó, àwọn ló ni Yunifásítì Bowen tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì abọ́ ìrẹsì tiwọn máa ń dé ọ̀dọ̀ wa kí oòrùn tó mú, bí Iléyá bá dé, itan àgbò là ń gbé lọ, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ẹran nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ má pa adìẹ ní Ìbàdàn kẹ́ ẹ sè é gbé lọ fún wọn, wọn á gbà á, wọn á dúpẹ́, wọn ò ní jẹ ẹ́, wọn á gbé e fún aládùúgbò, inú yín á bàjẹ́ lórí òfo. Ẹ gbé e lọ láàyè, kí ẹnì kan nínú ilé ṣe Bísímílláì sí i, kó pa á, ẹ ó jọ jẹ ẹ́. 26 ni kẹ́ ẹ lọ. Tó bá di 24, èrò Ìwó Road ò ṣe é fẹnu sọ, àwọn awakọ̀ á sì máa pe iye tó bá wù wọ́n.

Ohun kan tún wà. Ìtàn Mọ́ríyámọ̀ wà nínú Kùránì, súrà kọkàndínlógún, bí ìrọbí ṣe gbé e dé ìdí igi dàbínù. Ẹ ní kí màmá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lálẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nílé kéwú, kẹ́yin náà ka ti Lúùkù fún wọn. Wọ́n á béèrè ìbéèrè tí ẹ̀yin méjèèjì ò ní lè dáhùn, hehehe.

Pásítọ̀ Kékeré, 23 October

Ìjọ kékeré kan ni mo ń bójú tó lápá Ọ̀yọ́, èmi náà máa ń kéde owó lórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara wa. Nígbà tí a bá ń ka gbogbo owó yẹn, a kì í rò ó papọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú tiẹ̀ wá, ẹnì kan náà ni gbogbo ẹ̀ wá ń wó lé lórí. Ẹ lọ bá alàgbà tàbí pásítọ̀ yín ní kọ̀rọ̀, ẹ sọ iye tí apá yín ká. Kò sí ègún kankan níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ sí Tímótì pé ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé ara ẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Owó sukúù January, ẹ yọ ọ́ nínú owó ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ December, kẹ́ ẹ lọ san án sílẹ̀ tí sukúù bá ń gbà, kó tó di pé Kérésì fojú bà á.

Aṣọ kárọ́ọ̀lù yẹn, ṣé wọ́n ń san owó iṣẹ́ yín? Mo ń béèrè ni o. Torí mo mọ̀ wá, télọ̀ ìjọ ni wọ́n máa ń sọ fún pé "Ọlọ́run á san án."

Bàbá Ìbejì Télọ̀, 27 October

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pásítọ̀, wọ́n kì í san án. Owó òwú àti bọ́tìnnì nìkan ni.

Màmá Bódìjà, ìbéèrè yín bá mi níbi tó dáa. Mi ò bi í rí. Mo bi í ní Saturday lẹ́yìn tí àwọn ọmọ sùn, mo ti mura sílẹ̀ pé owó ló máa sọ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Dádì Ìbejì, aṣọ yẹn ò dun àwọn ọmọ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e sórí kiri. Ilẹ̀kùn ló ń dùn wọ́n." Mo ní ilẹ̀kùn báwo? Ó ní láti bíi 10 December ni wọ́n kì í ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, pálọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí, kí wọ́n lè gbọ́ tí mo bá ń ṣílẹ̀kùn. Tí ọ̀kadà èyíkéyìí bá dúró níta, Ìdòwú á dìde jókòó. Ó ní òun á máa sọ fún wọn pé "Dádì ń bọ̀," títí oorun á fi gbé wọn lọ. Òun ò sọ fún mi torí òun mọ̀ pé owó ni mò ń wá.

Mo dákẹ́. Mo béèrè pé òun fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí ló fẹ́ ní Kérésì. Ó ní kí n má ṣáà hanrun ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Mo ti kọ páálí. Mo kọ 30 November, ọmọ iṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Sísọ́ọ̀sì Òṣogbo, 27 October

Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Aṣọ àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ti gé e?

Bàbá Ìbejì Télọ̀, 27 October

Mo ti gé ti Ìdòwú.

Sísọ́ọ̀sì Òṣogbo, 27 October

Ọ̀gá!!!

Bàbá Ìbejì Télọ̀, 6 December

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Iṣẹ́ ti wọlé gan-an. Mo rán tàwọn ọmọ tán ní 11 November, ó wà nílé, ìyá wọn tì í mọ́nú àpótí. Ìpọ́njú tó wà nínú páálí yìí, ẹ è sọ gbogbo ẹ̀ fún mi o. Ní 2 December ìyá kan gbé léèsì wá, kọ́sítọ́mà mi láti ọdún mẹ́wàá, ó kà á, ó ní "ṣé èmi náà?" Ẹnu mi fẹ́ sọ pé ẹ gbé e sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ló sọ fún un pé "Màmá, ọ̀gá ò gbà á mọ́." Ó bínú lọ. Orí fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Mo lọ bá alàgbà nítorí aṣọ kárọ́ọ̀lù. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé owó ara mi ni mo fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n máa san ìdajì owó iṣẹ́. Mo gbà, ìdajì ju òfo lọ.

Aago méje ààbọ̀ ni mò ń délé báyìí, tí mo bá pẹ́, mẹ́jọ. Mo máa ń kó bọ́tìnnì wálé. Àwọn ìbejì ló ń ṣà á fún mi, ní àwọ̀ àwọ̀, bí a bá ṣe ń gbàdúrà alẹ́ tán. Kẹ́hìndé ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ òwú bọ abẹ́rẹ́ jù mí lọ, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ní alẹ́ àná wọ́n ń kọ orin kárọ́ọ̀lù, Ìdòwú ń ṣì í, Táyé ń nà án lọ́rọ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀, bọ́tìnnì dà sílẹ̀ káàkiri, a wá a títí aago mẹ́wàá. Ariwo yẹn pọ̀ o. Èmi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ilé mi ṣe máa ń rí lálẹ́.

Daddy Peckham, 6 December

Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i kà níbi iṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín nínú ṣáláńgá kan náà.

Màmá Bódìjà, 7 December

Ata ńkọ́? Ẹ ti rà á? Ó ti ń gbérí o.

Bàbá Ìbejì Télọ̀ (Ìwó), 27 December

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ìwó ni mo wà, nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́ 24 ni mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ mẹ́ta ò tán, mo pe àwọn tó ni wọ́n, mo sọ òótọ́ fún wọn láti 22, ẹnì kan ṣépè díẹ̀, àwọn méjì ní kò burú. Mo sùn dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo jókòó títí wọ́n fi ka ẹ̀kọ́ kẹsàn-án, ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi sì ń sọ fún yín pé ojú mi ni mo kàn dì.

Àná la wá síbí. A gbé àkùkọ méjì láàyè, ọ̀kan sálọ ní gáréèjì, gbogbo èrò ló bá wa lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe Bísímílláì. Alfa, ẹ kú ọgbọ́n, màmá jẹ itan méjèèjì tán, wọ́n tún ń wá egungun. Lálẹ́ wọ́n sọ ìtàn Mọ́ríyámọ̀ fún wọn, èmi náà ka Lúùkù, Táyé ní igi dàbínù dà nínú tèmi? Mo ní kó lọ sùn.

Àwọn ọmọ ò bọ́ aṣọ Kérésì yẹn sílẹ̀ látàná, wọ́n fi gun igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé láàárọ̀ yìí, ṣòkòtò Kẹ́hìndé sì ya láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbé e wá bá mi tẹkún tẹkún. Mo wá gbogbo àpò mi, mo wá báàgì, mi ò mú abẹ́rẹ́ kankan wá. Màmá ló lọ mú tiwọn wá nínú agolo mílíìkì tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní kí Kẹ́hìndé kọ́ òwú bọ̀ ọ́ fún àwọn, wọ́n ti wà lórí ẹní báyìí tí wọ́n ń fọwọ́ rán an. Ojú ìránṣọ wọn ò tọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó mi wò mí, mo panu mọ́.